Ẹsẹ̀ Rẹ Nìkan Ni Mo Rí Lẹ́nu Táǹkì

Òkè-Oyì, lẹ́bàá Ìlọrin,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ummu Kulthum ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé omi Èkó kò tíì gbé ọ lọ? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun. Ìyá rẹ ń kí ọ, àbúrò rẹ Màsúdát ń kí ọ, àgbò tí a ń sìn de Iléyá náà ń ké bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, bóyá òun náà ń kí ọ. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Àmín. Ìkíni ti tán. Inú ń bí mi, mo sì tètè sọ ọ́ nítorí pé bí mo bá jẹ́ kí àdúà gùn jù, n ó gbàgbé bí ó ṣe ń bí mi tó.

Ìwé ni mo kọ, n kò sọ̀rọ̀ sínú fóònù, nítorí pé o ti di aláìgbọ́ràn nínú fóònù. Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e sétí, o kí mi, mo dáhùn, mo ń bi ọ́ bí o ti jí, ìwọ sì ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ bí ẹni pé ewúrẹ́ ló ń ké létí rẹ. Mo ní kí o dúró ná, o kò dúró. Mo ní, Ummu, bàbá rẹ ni o ń bá sọ̀rọ̀ o, o ní kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ta ni ó yẹ kó gbọ́ ẹnì kejì dáadáa nínú àwa méjèèjì? Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Jókòó kí o kà á tán.

Ohun tí ó bí mi nínú jù ni fídíò tí o fi ṣáájú ohùn yẹn. Mo rí ọkọ̀ ojú omi funfun kan, ọkọ̀ ìgbòkun, wọ́n ká aṣọ rẹ̀ mọ́ òpó. O ní wọ́n mọ táǹkì epo dísù mọ́ inú ara rẹ̀, pé kò ṣe é yọ jáde, ibi tó wà náà ni ìwọ àti ọ̀gá rẹ ti ń fọ̀ ọ́. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ nìyí: ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ Ọlọ́hun ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló fẹ́ fi dísù ṣe? Ẹni tí ó ta aṣọ sí afẹ́fẹ́ tí ó tún fi dísù pamọ́ sábẹ́, irú wọn ló máa ń ní ìyàwó tí ìyálé kò mọ̀. Máa ṣọ́ ọlọ́kọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìwọ fúnra rẹ. O fi rọ́bà fa dísù inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, o ṣí ihò kan tí kò fẹ̀ ju ẹnu àmù lọ, o ki orí bọ̀ ọ́, èjìká tẹ̀lé e, ó wá ku ẹsẹ̀ rẹ nìkan níta tí ó ń ta pàtìpàtì bí ti adìẹ tí wọ́n dè. Kò sí ẹnìkan tó dúró tì ọ́! Ṣé o ti gbàgbé bí a ti ń gbẹ́ kànga nílé ni? Ẹni tí ó bá wọ ihò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ihò tí yóò máa pè é lórúkọ, òun náà yóò sì máa jẹ́. Bí wọ́n bá pè é tí kò jẹ́, wọ́n á fa okùn, kò sí àríyànjiyàn, torí pé afẹ́fẹ́ inú ihò kì í kí ènìyàn kó tó pa á. Ti inú táǹkì kò sì sàn ju ti kànga lọ.

Nítorí náà, èmi tí mo wà ní Òkè-Oyì ni mo ṣe iṣẹ́ tí àwọn tó wà nítòsí rẹ kò ṣe. Mo di fóònù mú, mo pe Ummu Kulthum. O kò jẹ́. Mo fi oríkì pè ọ́, Àmọ̀kẹ́. O kò jẹ́. Kí n tó pè ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí ọ tí o tún dúró lóde, ara rẹ mọ́ tónítóní, o tún ń fa dísù, o tún ń ki orí bọ ihò kan náà! Bí o bá ti fọ̀ ọ́ tán, ìdọ̀tí á tún ti kún un. Ìyá rẹ ní, Bàbá Ummu, ọmọ yín bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, fóònù lẹ kàn ń pariwo mọ́. Mo ní àárọ̀ nìyẹn, ìsinsìnyí ńkọ́? Màsúdát ní wọ́n ti ká fídíò náà sílẹ̀ ni, pé ó kàn ń padà síbẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ń dá ọmọ mi padà síbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ti parí, ọ̀tá ni, kó dárúkọ rẹ̀ fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni iná tán nínú fóònù, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́, ìwọ sì wà nínú ihò.

Jẹ́ ká wá dé orí táǹkì tiwa. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì sin táǹkì ẹ̀rọ ìlọta wa mọ́ abẹ́ ilẹ̀ kí olè má baà gbé e. Olè kò gbé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi wọ̀ ọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kún abẹ́ dísù, ẹ̀rọ á dún díẹ̀, á wúkọ́, á dákẹ́. Àgbàdo ti ń ti oko dé, àwọn oníbàárà wa sì ń ru ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ẹ̀bá títì. Ẹ̀rọ yìí ló rán ọ lọ sílé ìwé. Bí kò bá dún kí ìkórè tó parí, n kò mọ ohun tí yóò gbé wa dé ọdún tó ń bọ̀.

Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́, o ní kí a fa dísù rẹ̀ tán, kí a bu omi kún un kí iná jórinjórin má baà ràn án, kí wọ́n gé ihò tó tó àwo ìjẹun sí i lórí, kí a fa omi náà kúrò, kí a ha gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kí a fi àkísà gbígbẹ nù ún, kí a sì sẹ́ dísù kó tó padà. A fa dísù, a bu omi. Ṣùgbọ́n àwo ìjẹun kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí? Mo ní kí Tahir jórinjórin gé ihò tí ènìyàn lè gbà wọlé láìtẹ orí ba. Tahir ní, Bàbá, táǹkì lẹ fẹ́ fọ̀ ni àbí yàrá lẹ fẹ́ fi háyà? Mo ní kó gé e. Ó gé e. Gbogbo òkè táǹkì ló bá a lọ.

Òjò ti rọ̀ sí i. Adìẹ ìyá rẹ jábọ́ sí i, funfun ló wọlé, dúdú ló jáde. Màríámù, tí kò lọ àgbàdo níbòmíràn rí, gba iwájú wa kọjá pẹ̀lú igbá lórí, ó ní ẹ kú oríire ilé titun o, ìgbà wo la máa jẹ sàárà rẹ̀? Kò dúró gbọ́ èsì. Ọ̀nà títì ló gbà.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Tahir ní òun á bá mi wọ ọ́ fọ̀, mo lé e. Ṣé kí ọmọ mi máa fọ ti ẹni tí afẹ́fẹ́ ń wa ọkọ̀ rẹ̀, kí ọmọ ẹlòmíràn wá fọ tèmi? Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lórí rẹ̀. Kó má bá mi sọ ọ́.

Nítorí náà, gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ kí o wálé kíákíá. Mú rọ́bà rẹ àti asẹ́ rẹ dání. Mú owó ìdérí táǹkì dání pẹ̀lú, má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, torí inú fóònù yìí náà ni o há sí, n kò fẹ́ kí owó lọ há síbẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ lórí omi, kó ṣọ́ ọ nínú ihò. Ibi tí o bá ti orí bọ̀, kó jẹ́ kí orí náà padà jáde ní pípé. Táǹkì tiwa kò ní òkè mọ́, n ó máa rí ọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. N ó ṣì dúró lẹ́nu rẹ̀, n ó pè ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kí o jẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí inú ń bí,
Ìsmáílà Àkànbí, ẹlẹ́rọ.