Ọkọ Mi Kò Fìdí Rẹmi Nínú Ìdánwò Ìwádìí

Ilé Salaudeen,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 1985.

Ọ̀gá Àgbà,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ìmọ̀,
Òmù-Àrán.

Ọ̀gá Àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌDÁNWÒ TÍ ÀFÍSÙ SALAUDEEN ṢE NÍ ILÉ WA NÍ AGBAMU

Orúkọ mi ni Jàrátù. Èmi ni ìyàwó Àfísù, akẹ́kọ̀ọ́ yín tí ó ń ka ìwé dìgírì nínú ìwádìí abẹ́lẹ̀ fún ààbò orílẹ̀-èdè. Sátidé tó kọjá ni wọ́n so yìgì wa. Inú mi dùn débi pé mo ti ba ìwé méjì jẹ́ kí n tó kọ èyí. Ẹ forí jì mí bí ayọ̀ náà bá ń yọ níbi tí kò yẹ.

Ẹ rán Àfísù lọ sí Agbamu pé kí ó mọ gbogbo ohun tí ó ń lọ nínú ilé kan, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ohun tí ó wá ṣe. Ilé bàbá mi, Bùkárì, ni ó bọ́ sí. Ó bi àwọn aládùúgbò léèrè irú ènìyàn tí a jẹ́, bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé wa, àti ẹni tí a ń bá jà. Ọ̀gá, ọmọ ilẹ̀ yìí ni yín. Ta ni í béèrè irú nǹkan wọ̀nyí bí kì í bá ṣe ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ?

Nígbà tí yóò wọlé, ó gbé agolo mílíìkì méjì dání, ní àkókò tí gbogbo ayé ń tò fún mílíìkì láti ìdájí. Bàbá mi wo mílíìkì, wọ́n wo Àfísù, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, èwo lo wá fún nínú àwọn ọmọ mi?" Òfin ẹ̀kọ́ yín kò jẹ́ kí ó sọ òótọ́, ó bá ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Èmi ni mo gbé omi wá, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí mi lára. Ìyá mi Fulera, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní, "Ó ti yàn. Ẹ jẹ́ kó mu omi."

Àfísù ní òun kò mọ ìgbà tí òun ṣíwọ́ ṣíṣọ́ ilé, tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mi.

Ní Ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, olùkọ́ wọn, fún un ní òdo, wọ́n ní gbogbo ilé ni ó mọ̀ ọ́n. A mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí ó wá ṣe. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi, a kò mọ̀. Wọ́n so yìgì, a kò mọ̀. Ọjọ́ tí èsì jáde ni ó tó jẹ́wọ́ fún èmi ìyàwó rẹ̀. Àṣírí wo ni akẹ́kọ̀ọ́ tún lè pa ju èyí lọ?

Mo bẹ̀ yín, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Bí ó bá sì di dandan kí ó tún un ṣe, ẹ má rán an lọ sí ilé tí wọ́n yàn fún un ní Ìjàrà-Ìsin. Ìyá mi Fulera ti débẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta tí kò tíì lọ́kọ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Àfísù kọjá níwájú ilé náà, wọ́n sì ti ń gbálẹ̀ dè é. Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn wa gbà á láyè, ṣùgbọ́n èmi kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan. Àgọ́ ọlọ́pàá ń bẹ, ẹ jẹ́ kí ó lọ ṣọ́ ìyẹn.

Ní tèmi, agolo mílíìkì kan tí ó kù nílé, mo ti mu ún tán, kí ó má bàa rí nǹkan gbé dání.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Èmi ni ẹni yín tí ń retí èsì kíákíá,

Jàrátù Salaudeen (Ìyáàfin)
Ìyàwó Tuntun