Ilẹ̀kùn Tó Tì Tí Kò Tì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá kò ní máa fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lójoojúmọ́. Ara tèmi náà le. Orí mi nìkan ló dàrú.

Ìwọ lo ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń sàmì sí àwọn ọmọ nílé ìtọ́jú ọmọ wa, bí wọ́n bá dé àti bí òbí wọn bá mú wọn lọ. Nígbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnu géètì nìkan, a ò ríjà. Lóṣù tó kọjá lo ní ká gbé fáìlì rẹ̀ sínú àpótí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí kọ̀ǹpútà géètì àti ti yàrá oorun lè jọ máa lò ó. O ní, "Màámi, ọbẹ̀ kan náà ni, ṣíbí ló di méjì." Mo gbà.

Lọ́jọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà géètì ní gbogbo ọmọ ti lọ. Mo bá ti ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ìyá ọmọ tí a ń pè ní Oorun-ò-tó bá mi, ọmọ ọlọ́dún méjì tó máa ń sùn bí ẹni pé wọ́n ń sanwó oorun fún un. Mo ní bàbá rẹ̀ ti mú un lọ. Ó ní, "Màmá, bàbá wo? Ọkọ mi kú kí n tó bí i, ẹ sì mọ̀." Yéè! Mo mọ̀ o! Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ ni mo kàn ń kà.

Mo ń ki kọ́kọ́rọ́ mìíràn bọ ilẹ̀kùn, kò wọlé. Òun ló gbà á tó fi ṣílẹ̀kùn. Ọmọ ti jí, ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó sì gba ilé lọ. Ì bá tiẹ̀ bú mi!

Kọ̀ǹpútà yàrá oorun ní tirẹ̀ ní ọmọ ṣì wà ńbẹ̀. Fáìlì kan, ẹnu méjì! Mo ránṣẹ́ pe ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà. Ó ní irú dátábéèsì kékeré yìí, ìyẹn fáìlì tí a ń kọ àmì àwọn ọmọ sí, inú kọ̀ǹpútà kan ló yẹ kó máa gbé. Bí ẹnì kan bá ń kọ nǹkan sí i, á tilẹ̀kùn, kí ẹnì kejì dúró. Ṣùgbọ́n lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹnì kejì lè má mọ̀ pé ilẹ̀kùn tì; àwọn méjèèjì á jọ máa kọ, wọ́n á sì kọ ìkọkúkọ, àmì ọmọ kan á bọ́ sórí ọmọ mìíràn.

Mo ní kó tún un sọ, kò yé mi síbẹ̀. Ilẹ̀kùn tó tì tí kò tì, èwo nìyẹn? Èyí tó yẹ kó tì ò tì, èyí tí kò yẹ kó tì ló tì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo máa tọ́jú fáìlì náà, kí èkejì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi, àbí ìwọ náà ò mọ̀? Mi ò bínú o. Irọ́ ni, mo ń bínú. Wá tún un ṣe. Kó o tó dé, mò ń fi ojú ara mi wo bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan kí n tó tilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní dójú tì ọ́. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò dé.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yé.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí kí ìyá Oorun-ò-tó tó wọlé láàárọ̀ yìí. Ó mú ọmọ náà padà wá! Mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà láti sàmì sí i, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni mo gbé ọmọ mi fún, mà. Ẹ̀yin ni."