Ẹnu Lọ sí Goro, Ó Fi Ọwọ́ Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejìlá 2024

Tata Karimath, àǹtí kan tó máa ń jó sí orin wa, ló sọ ọ́ fún mi lọ́jà, láìmọ̀ pé n kò tíì gbọ́. "Ṣìkẹ́mi, a ó rí yín ní Goro lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àbí? Ìgbéyàwó ọmọ Tonton Salifou. Chérifou ti wá wo ibi tí ẹ ó gbé sono, ẹ̀rọ orin yín, sí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́. Chérifou kò dárúkọ Goro fún mi rí.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti Chérifou ti jọ ń ṣe DJ káàkiri Tchaourou. Èmi ni Ọwọ́, òun ni Ẹnu — bí a ṣe ń pe ara wa nìyẹn, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀. Òun á di mikró mú, á ki ìyàwó, á máa pe àwọn àgbà lórúkọ, agbo á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á wà lẹ́yìn tábìlì, káàsìkì tí mo fi ń gbọ́ orin létí. Kí orin kan tó tán, èkejì ti wọlé sábẹ́ rẹ̀, ìlù bá ìlù mu, ẹni tó ń jó kò ní mọ ibi tí mo ti pààrọ̀ rẹ̀; mixage nìyẹn.

Bóyá ó fẹ́ sọ ọ́ lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Kò sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo lọ bá a nílé, lẹ́bàá ojú irin. Ó ń nu eruku lára bàfùlù, àpótí tí ohùn orin ń gbà jáde. Kò wo ojú mi. Mo bi í nípa Goro. Ó ní kí n jókòó. N kò jókòó.

Mo ń kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ìbínú mi má baà fi kún un: "Ṣìkẹ́, ta ló ń gbọ́ mixage níbi ìgbéyàwó? Ìyá ìyàwó ni? Àwọn tó ń jẹ ìrẹsì? Kọ̀ǹpútà ń so orin pọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Orin tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fẹ́, àti ẹni tó máa pe orúkọ wọn."

Mo ní, "Èmi ńkọ́?"

"Sinmi díẹ̀. Donc… sinmi díẹ̀."

"Donc" yẹn! Ọ̀rọ̀ Faransé tí Ẹnu fi ń dí ihò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí òjò ba sono wa jẹ́ ní Tchatchou, ta ló jókòó sínú ẹrẹ̀, tó ń so wáyà kọ̀ọ̀kan padà? Chérifou dúró tì mí, ó ṣí agboòrùn lé mi lórí. Ó ní láéláé ni a ó jọ máa ṣe é.

Màmá gbọ́ ẹkún mi. Wọ́n gúnyán, wọ́n fi wàgásì, wàrà àwọn Fúlàní, sínú ọbẹ̀, bí ẹni pé ọdún ni. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ yẹn kò mọyì rẹ. Jẹ́ kó lọ." Mo gbé orí lé wọn léjìká. Wọ́n ṣì kù fún mi, ó kéré tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo lọ sí Goro. Kò yẹ kí n lọ. Ọ̀kadà zém kan gbé mi, eruku ọyẹ́ bò mí dé ìpéǹpéjú. Mo dúró lẹ́yìn àwọn tó ń dáná, mo fi ìborùn bo orí.

Ẹnu wà níbẹ̀, jígí dúdú lójú, òun nìkan lẹ́yìn tábìlì. Tábìlì mi.

Orin kan ṣàdédé já. Ìdákẹ́. Òmíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà ti orin Bàrìbá kan mọ́ orin Nàìjíríà kan, ìlù méjèèjì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ bí àgùntàn tó ń du ẹnu ọ̀nà kan. Inú mi dùn. Kí n má purọ́ níhìn-ín — inú mi dùn gan-an. Mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n kọsẹ̀. Ọ̀kan wo òkè bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. Nínú mi mo ń sọ pé: ẹ dúró. Ẹ lọ jókòó.

Ẹnu gbé mikró. "Ìyá ìyàwó dà? Ẹni tó bí ẹwà, ẹ jáde ká rí yín!" Agbo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá jáde. Wọ́n tún ń jó.

Wọ́n jó lórí ìdọ̀tí yẹn!

Mo ti rò pé Chérifou nìkan ló dà mí. Àwọn ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn náà dà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 8

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kò sì bá mi jà. Ó yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 11

Mo pàdé Tata Karimath nídìí omi. Mo bi wọ́n bí Goro ṣe rí.

"Ó dára. Chérifou pa wá lẹ́rìn-ín." Wọ́n gbé garawa sílẹ̀. "Àmọ́ ó tètè sú wa. Orin ń já, a ń jókòó; orin ń já, a ń jókòó. Bí ìwọ bá wà níbẹ̀, n kì í mọ̀ pé mo ti jó púpọ̀. Orúnkún mi ló máa ń sọ fún mi lọ́jọ́ kejì."

Tata kò mọ ohun tó ń jẹ́ mixage. Orúnkún wọn mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà: "Ṣé ara rẹ ti yá? Chérifou ní àìsàn ni kò jẹ́ kí o wá."

Àìsàn kẹ̀! Bí iṣẹ́ ọwọ́ mi kò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ló fi ń purọ́ nítorí rẹ̀?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Mo lọ sí Alafiarou. Ìsọmọlórúkọ ọmọ Faridath, tí a jọ lọ sílé ìwé. Ó ní èmi ni òun fẹ́, àfi èmi. Mo yá sono, mo dá lọ.

Mo gbé mikró. Mo kí ìyá ọmọ, mo gbàgbé orúkọ bàbá ọmọ. Ojú tì mí, mo pa mikró. Ó ku ọwọ́. Àwọn àlejò ò kọ́kọ́ dìde. Nígbà tó yá, ọ̀kan dìde, òmíì tẹ̀lé e, n kò sì jẹ́ kí orin já títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Nígbà tí mo dá a dúró, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó jí lójú oorun.

Faridath dì mọ́ mi. "Ó dùn, Ṣìkẹ́. Kìkì pé kò sẹ́ni tó pè wá lórúkọ."

Mo sunkún lórí zém. Ẹnu ni mo ń wá. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣe!

Ọjọ́ Àìkú, 15

Chérifou wá nígbà tí Màmá ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Mo ní, "O sọ fún gbogbo Goro pé mo ń ṣàìsàn."

"Donc…" Ó lóṣòó. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mixage, Ṣìkẹ́. Kò sígbà kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mixage. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ."

Mo gbọ́ "wọ́n" yẹn. Kì í ṣe èèyàn púpọ̀. Àgbà kan ni.

"Màmá yín wá bá mi. Wọ́n kúnlẹ̀, Ṣìkẹ́. Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹbí kan ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀ wá tọrọ rẹ, wọn ò fẹ́ ìyàwó tó ń dúró lẹ́yìn bàfùlù. Wọ́n ní bí mo bá lè sọ fún ọ pé iṣẹ́ rẹ kò wúlò, ìwọ fúnra rẹ á jù ú sílẹ̀."

"O sì gbà."

"Wọ́n kúnlẹ̀."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run kó sí ọ lẹ́nu, Chérifou. O kò rí ọ̀kan fi dá wọn lóhùn?"

Mo ní kó máa lọ. Ó lọ.

Màmá ti dé báyìí. Wọ́n ń kọrin ìyìn lẹ́yìn ilé. Wọ́n yọjú sí mi lẹ́ẹ̀kan, ojú wọn ń dán: "Àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ di irun rẹ, ọmọ mi." Mo ní, "Ó dáa, Màmá."

Ẹ̀gbọ́n Faridath ní Tchatchou ń wá DJ fún ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an. Mo ti ránṣẹ́ pé mo ń bọ̀. N kò sọ fún ẹnì kankan nínú ilé yìí.