Má Jẹ̀ẹ́ Kó Sọ Pẹ̀lẹ́ fún Ọ

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé ọ létí? Àwa tó wà nílé wà lórí ìnàró, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá. Ẹni tó dá ọ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ, bí ìwọ fúnra rẹ ò tilẹ̀ rí oorun sùn. Àmín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí o. Wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi kọ ọ́, mo ní kó lọ jókòó, mo kàwé dé kíláàsì kejì kí ilé ìwé tó sú mi.

Ìjà tí a jà lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo jàre, ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. O ní oorun ò kun ojú rẹ mọ́, o ní o máa ń lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ wá ní kí o lọ bá obìnrin kan tó ń gbowó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, inú kọ̀ǹpútà ni yóò sì ti máa wò ọ́. O ní o ò mọ̀ bóyá kí o lọ tàbí kí o má lọ, kí ni mo rí sí i. Mo ní ṣé etí mi ló di tí o fi fẹ́ háyà etí ẹlòmíràn? Mo ní irú olùtùnú wo ló ń gbọ́ ìbànújẹ́ ẹni tí kò ní sọ pẹ̀lẹ́, tó kàn ń mi orí bí alángbá? Ẹni tí o ò lè bu omi fún mu! Ẹ̀gbọ́n rẹ nọ́ọ̀sì tún wá lanu sọ pé ọ̀rọ̀ ìyá ẹni ni irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Kí ni mo ṣe? Mo tẹ ibi pupa, mo pa fóònù.

Inú ìbínú yẹn ni mo gba ọ̀dọ̀ télọ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ, kó bá mi dín ẹ̀wù kan kù. Kì í ṣe pé mo rù o, ẹ̀wù náà ló fẹ̀. O rántí télọ̀ yìí, òun là ń pè ní Rédíò, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́ ìdákẹ́ rẹ̀ rí. Mo dúró gbọnin níwájú dígí, ó kó píìnì sẹ́nu, ó ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi mú aṣọ mọ́ mi lára. Mo ní kí n fẹjọ́ rẹ sùn ún. Mo ń retí kó dá mi lóhùn, kò lè lanu, hùn-ún nìkan ló ń ṣe. Ni mo bá ń sọ lọ. Ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé láti ìgbà tí o ti lọ, bí mo bá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, orúkọ rẹ ni mo ṣì ń pè, màá sì dúró díẹ̀ kí n tó rántí pé o ò sí nílé mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, mi ò sọ ọ́ fún ara mi pàápàá. Omi bọ́ lójú mi. Èéfín áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ ni.

Rédíò bá tu píìnì sọ́wọ́, ó ní háà, màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ẹ má rò ó mọ́. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kú sí mi lẹ́nu! Mo dúpẹ́, mo ní ó ti tán. Kò tán. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìdérí ìkòkò ni pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ ni wọ́n ti ń fi í dé mi lórí, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú mi ò yé hó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Rédíò ti ròyìn. Alápatà ní ẹ pẹ̀lẹ́. Fọ́kànáísà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yọ orí síta, ó ní màmá, ẹ kú àárò ọmọ. Mo ní àárò bàbá ta ni?

Nítorí náà mo ti yí ohùn padà, kì í sì í ṣe pé o borí mi. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lọ bá obìnrin náà. Àjèjì ni, kò mọ alápatà, kò mọ fọ́kànáísà. Ṣùgbọ́n kí o tó jókòó, wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, bí kò bá sí píìnì níbẹ̀, ní kó wá díẹ̀ kó sí i. Ró aṣọ rẹ délẹ̀, ta ló mọ ibi tí kọ̀ǹpútà ń wò dé? Bó bá bèèrè mi, sọ òótọ́, sọ pé ẹnu mi mú, sọ pé mo lágídí. Kí o má wá dákẹ́ síbẹ̀ o. Sọ pé èmi ni mo pọ̀n ọ́ kiri nígbà tí o dá lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ sì ti ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi nígbà náà. Sọ pé eyín mi pé.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra páálí píìnì kan, nítorí mi ò ní tọrọ lọ́wọ́ Rédíò láéláé, kí n sì fi ra awò ojú, kí n lè máa ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra mi.

Oorun yóò mọ ọ̀nà ilé rẹ. Ẹrù tí o bá sọ̀ lọ́dọ̀ obìnrin náà kò ní tẹ̀lé ọ bọ̀. Bí o bá pè lọ́jọ́ Àìkú, máa sọ tìrẹ lọ, má dúró dè mí. Bí o bá ń gbọ́ hùn-ún, hùn-ún, fóònù ò bàjẹ́ o. Mo ti kó píìnì sẹ́nu ni.

Èmi ìyá rẹ, tí kò rù rárá.