Ìdọ̀bálẹ̀ Bùọ̀dá Láyí

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Bùọ̀dá Láyí, àfẹ́sọ́nà Àǹtí Bísí, ti Ìkòyí-Ilé wá kí Bàbá lónìí. Ó kàn tẹríba ni, kò dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe lọ báyìí ni mo sín in jẹ, àtohùn àtẹsẹ̀ wíwọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mi ò lè fọmọ fún agbéraga."

Àǹtí Bísí ká mi mọ́ ilé ìdáná, omi lójú. "Ìwọ ọ̀bọ yìí, àìsàn ló ń ṣe é!"

Ó ní inú eegun ẹ̀yìn ni sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ wà, àmọ́ ó na ara bí okùn dé ìsàlẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún ló ti ń ṣe purotéènì tí ìsàlẹ̀ fi ń wà láàyè. Nǹkan kan bí ojú irin wà nínú okùn náà tó ń gbé e lọ sísàlẹ̀. Ti Bùọ̀dá kì í dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá dọ̀bálẹ̀, àfi kí wọ́n fà á dìde. Ojú ń tì í.

Mo jáde láti sọ fún Bàbá. Ọ̀rẹ́ wọn kan ti jókòó tì wọ́n. Bàbá ní, "Ṣe bíi Láyí, kí wọ́n rí i!"

Mo ṣe é. Ó tiẹ̀ jọ ọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí mo ti wá mọ ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ náà.