Ọmọ Mi, Mo Ti Rí Àwọn Tí Mo Lè Bá Jáwọ́ Nínú Ọtí

Àkọ́bí mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró, nítorí ìyá rẹ ní orí ìdúró ni ẹ̀yin nọ́ọ̀sì máa ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yẹn lókun. Kí ara tu gbogbo aláìsàn tí o bá fọwọ́ kàn. Àlàáfíà la wà nílé. Òjò ṣí páànù méjì lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n a ti kàn án padà.

Ọdún mẹ́rin rèé tí o kì í bá mi sọ̀rọ̀, àfi kí o ní kí ìyá rẹ bá ọ kí mi. O ò jẹ̀bi. Ẹni tó mutí yó lọ síbi ìgboyè ọmọ rẹ̀, tó já máíkì gbà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, tó sì wó lu tábìlì àwọn àlejò pàtàkì, ìkíni wo ló tún ń retí? Mo kọ̀wé yìí kí o lè mọ̀ pé oṣù mẹ́ta gbáko rèé tí ọtí kò kan ètè mi, àti pé fóònù tí o rà fún ìyá rẹ ló bá mi ṣe é.

Ìyá rẹ fi ibi tí wọ́n ń kọ ìbéèrè sí lórí fóònù náà hàn mí. Àyè ibẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní lẹ́tà kíkọ kò lè tìtorí ìyẹn kọ kúkọkùkọ. Mo kọ àdírẹ́sì wa, mo kọ déètì, mo kí àwọn ọ̀gá tó wà nínú rẹ̀, mo ṣàlàyé pé tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, pé ọtí ti fẹ́ pa mí, mo sì béèrè bóyá wọ́n mọ ibi tí àwọn bíi tèmi ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ ládùúgbò wa. Mo sì fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ ní kí ni gbogbo eléyìí, ṣebí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti tó. Mo ní ta ló ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tọrọ ẹ̀mí rẹ̀?

Kí n tó mí, èsì ti dé. Àwòrán ìgò ọtí tútù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dán mi wò ni. Mo kọ̀wé padà pé mo rí i, n kò fẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àdírẹ́sì: yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn wa, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin. Ọmọ mi, iwájú ilé yẹn ni mo ń gbà lọ sí ilé ọtí láti ọjọ́ yìí wá! Mo kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí wọn. Wọn kò tíì fèsì, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwa mẹ́jọ la jókòó yí ká. Káfíńtà tó kan àwọn àga tí a jókòó lé ló ń darí wa, òun náà ti jáwọ́ láti ọdún mọ́kànlá. Ó ní kí n sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́. Mo dìde, mo tún kọ́là ṣe, mo sì sọ̀rọ̀ lórí ewu ọtí, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo ti dé ọ̀nà kẹta nígbà tí awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ-Rọra béèrè bóyá ìdánwò máa wà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà wá rọra ní, Tísà, ẹ ti sọ ti ọtí, ó ku tiyín.

Mo jókòó, mo sì ròyìn ọjọ́ ìgboyè rẹ, títí dórí bí o ṣe fà mí lọ́wọ́ dé ẹnu géètì, tí o nu èébì kúrò lára bàtà mi kí o tó padà síbi àpèjẹ tìrẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi rí. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé oúnjẹ ló dà mí nínú rú. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ẹ-Rọra ní òun rò pé òun nìkan ni òmùgọ̀ àdúgbò yìí, pé ẹ káàbọ̀ o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ, tó ń sìn mí débẹ̀ ní gbogbo Ìṣẹ́gun, tó ní òun kò ṣọ́ mi, atẹ́gùn lòun ń gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè nínú rẹ̀ pé ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ pé bí ó bá jẹ́ búburú, kí wọ́n pe ìyá rẹ, ó ti mọ́ ọn lára. Bí ó bá jẹ́ rere, kí wọ́n pe ìwọ. Nọ́ọ̀sì ní Bàbá, àwọn kì í pe èèyàn torí rere. Mo ní ó yẹ kí wọ́n máa pè é. Ó wá gba nọ́ńbà rẹ sílẹ̀, ó ní òun kò ní pè ọ́ àfi bí o bá gbà.

Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mi níbi ìpàdé yóò dìde yẹ́ mi sí torí oṣù mẹ́ta yìí. Mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì pè ọ́, kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe èmi, nítorí èmi ti parọ́ fún ọ jù. Bí o bá gbà, sọ fún ìyá rẹ. Bí o kò bá gbà, n ó ṣì lọ, n ó sì tún lọ ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e.

Ó kan èmi náà láti ra tíì àti bísíkíìtì fún wọn. Bí agbára bá wà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni kí o fi ránṣẹ́ sí, mi ò tíì fọkàn tán ara mi tó bẹ́ẹ̀. Yóò gbà á lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ti owó jáde láti inú ògiri báńkì. Mo máa ń kí i kú ìjókòó, ooru ibẹ̀ á pọ̀.

Ọlọ́run yóò fi àwọn tí yóò mú orí rẹ wú yí ọ ká, ọmọ mi. Mo ń gbìyànjú kí n lè wà lára wọn.

Èmi ni bàbá rẹ.