Òkúta Tí Kò Mọ Ìsinmi

Suhui, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Olúwa tí ó tún fún mi lágbára láti di kálàmù mú ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ yín. Ilé dára, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òjò kò sì ba àgbàdo jẹ́.

Àwòrán tí ń rìn tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù Ìyá Peng aládùúgbò wa ti dé. Mo gbé àwo sí abẹ́ fóònù náà, nítorí mo rí i pé òòfà ń léfòó lórí òkúta dúdú kan tí èéfín tútù bò, kò sì sí ohun tí ó gbé e ró. Ìyá Peng rẹ́rìn-ín títí, ó ní bí ó bá já bọ́, kí n sáà bá òun fi ata sí i. Ó wá ka àlàyé rẹ fún mi, pé ìyẹn wulẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ni. Pé òkúta tìrẹ tí ẹ ń ṣèwádìí lé lórí níbi iṣẹ́ kò tó hóró iyọ̀, iná mànàmáná kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ara ìta nìkan ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi dáyámọ́ńdì méjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òkè wó lé e, tí ẹ sì mú un tutù kọjá yìnyín, iná a máa yí po nínú rẹ̀ láì rẹ̀ ẹ́ títí láé.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín Ìyá Peng ti dúró. Òun náà mọ̀ pé ọdún kẹsàn-án rèé tí òkè wó lé Chengen ẹ̀gbọ́n rẹ nínú ihò ìwakùsà, tí a kò sì rí òkú rẹ̀ gbé jáde.

Ọmọ mi, òórùn ni ó dẹ́rù bà mí. Chengen kì í jẹ aáyù, síbẹ̀ èémí rẹ̀ ń rùn bí aáyù láti ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wa òkúta inú ihò yẹn. Ìyá yín olóògbé a máa sọ pé kò ní jókòó ti òun àfi bí ó bá fọ ẹnu. Nígbà tí o wá kí mi ní Ọdún Tuntun, tí o tẹ̀ sí mi létí, òórùn yẹn gan-an ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ. Nísinsìnyí, ibi tí òkúta yín ti wá ti yé mi: inú ihò tí ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ mì ni.

Fóònù náà kò sì dá àwòrán dúró. Bí ó ti ń parí ni ó ń tún bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, òòfà ń yípo, ó ń yípo, títí iná fi tán lára fóònù ní ọ̀sán gangan. Iyàrá sì ń rùn bí aáyù. Di òní, Ìyá Peng kò tíì wá mú un.

Owó tí o fi ránṣẹ́ kò tíì tán, n kò bèèrè owó. Ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: ní ọjọ́ Olúwa, tú ìdè dáyámọ́ńdì yẹn sílẹ̀. Ọlọ́run tí ó dá òkè pàápàá sinmi ní ọjọ́ keje. Bí o bá ti ń tú u, pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́jẹ́, kí ó lè mọ̀ pé òkè ti kúrò lórí òun, àyè sì ti wà láti jókòó sinmi.

Kí Ẹni tí kì í tòògbé máa ṣọ́ ìwọ, ọkọ rẹ àti ọmọ yín. Kí òkè má ṣe wó lé agbo ilé yín láé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Luo Shouxin